Láìmù NHL 3.5 fún ilé àtijọ́: ọjà dáa, àmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó ń kánjú

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa máa wá a kiri nísàlẹ̀. Láìmù tí mò ń sọ ni èyí tó máa ń wà nínú àpò tí wọ́n kọ NHL 3.5 sí lára (NHL ni natural hydraulic lime, láìmù tó lè gan níbi tí omi wà), òkúta ẹfun tó ní amọ̀ díẹ̀ nínú ni wọ́n ń sun tó fi ń di láìmù, òun la fi ń rẹ́ ilé, òun la dẹ̀ fi ń dí àárín bíríkì àti òkúta, pàápàá láwọn àdúgbò àtijọ́ tí ìjọba ti ní kẹ́nikẹ́ni má wó ilé ibẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe, mo ti lo ti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ìkankan, ọjà yẹn fúnra ẹ̀ ni mo bá wá.

Ẹ ò lè mọ iyì ẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sọ ti sìmẹ́ǹtì. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí Portland cement nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé tó wà láwọn ìlú àtijọ́ ti wà lórí ìdúró kó tó dìgbà yẹn, láìmù àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n. Àwọn ilé yẹn ò ní nǹkan kan lábẹ́ ògiri tó ń dá omi ilẹ̀ dúró. Omi á máa gòkè wá látilẹ̀, òjò náà á máa rin ín látìta, láìmù á gbà á mu, tí oòrùn bá ti ràn omi á tún bá ara láìmù jáde lọ, bí ilé ṣe ń mí nìyẹn látayébáyé. Ẹnì kan á wá dé, á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ẹ̀ torí ó fẹ́ kó le, kó dẹ̀ máa dán. Ó le lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó wọ aṣọ ọ̀rá nínú oòrùn ni ògiri yẹn dà yẹn, omi tó ti wọlé ò ráyè jáde mọ́, á fara pa mọ́ sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, iyọ̀ inú ẹ̀ á máa jẹ bíríkì díẹ̀díẹ̀, tí ilé bá tún wá mì díẹ̀, bíríkì tó rọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ ló máa sán, sìmẹ́ǹtì ò ní sán. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ògiri tí ìlà sìmẹ́ǹtì ẹ̀ ṣì dúró gbọnyin tí bíríkì tó wà láàárín sì ti jẹ wọnú lọ.

Tẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì San Francisco de Asís ní Ranchos de Taos, ní New Mexico lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, àwọn ọmọ ìjọ ló máa ń fọwọ́ ara wọn fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Lọ́dún 1967 wọ́n ní kí wọ́n sinmi wàhálà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Omi há sínú, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lábẹ́ ohun tó dán yẹn, ìgbà tó máa fi di 1979 wọ́n ti ní kí wọ́n bọ́ gbogbo ẹ̀ dànù, wọ́n padà sídìí amọ̀. Ti Acropolis, àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ tó wà lórí òkè ní Áténì nílẹ̀ Gíríìsì, náà wà ńbẹ̀, ẹnjiníà tó ń jẹ́ Nikolaos Balanos fi irin de àwọn òkúta mábù ibẹ̀ pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irin dípẹtà, ó wú, ó la mábù, látọdún 1975 tí wọ́n ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ irin yẹn tí wọ́n ń fi titanium rọ́pò ẹ̀. Ká má dẹ̀ wá máa bú wọn bíi pé wọn ò mọ̀wé, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣèpàdé ní Áténì lọ́dún 1931 gan-an fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo kọnkéré láti fi tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe. Nígbà tó fi máa di ìwé àdéhùn Venice lórí àtúnṣe ilé àtijọ́ lọ́dún 1964, ohùn ti yí díẹ̀: ẹ lè lo ti ìgbàlódé, àmọ́ ìgbà tí ti àtijọ́ ò bá ká a mọ́ ni, ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti dán wò tó ṣiṣẹ́. Ògiri tí láìmù ti gbé ró láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí ló wá fẹ́ mú un tí láìmù ò ní lè ká a mọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti inú àpò. 3.5 tí wọ́n kọ síbẹ̀, agbára ẹ̀ ni lẹ́yìn ọjọ́ 28, ó kéré tán, ní MPa, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó kó tó fọ́. NHL 2 rọ̀ jù ú lọ, NHL 5 le jù ú lọ, ti 5 yẹn mo máa ń fi sílẹ̀ fún ibi tí omi ti ń lù ú gan-an, bí orí ògiri tí kò ní òrùlé. Àwọn tó ń tajà máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dáa tó, irọ́ ni jàre, lára ilé àtijọ́ ohun tẹ́ ẹ fi dí àárín bíríkì gbọ́dọ̀ rọ̀ ju bíríkì lọ, òun ló yẹ kó jẹ ìyà, torí òun lẹ lè hú kúrò kẹ́ ẹ fi tuntun síbẹ̀, bíríkì ayé àtijọ́ ẹ ò rí i rà. Amọ̀ tó wà nínú òkúta yẹn ló jẹ́ kó lè gan níbi tí omi wà. John Smeaton, ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàkíyèsí ìyẹn nígbà tó ń kọ́ ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun lórí àpáta Eddystone, tó parí lọ́dún 1759.

Apá kan láìmù sí mẹ́ta ṣáápù sáǹdì ni mo máa ń pò, sáǹdì tí hóró ńlá àti kékeré wà nínú ẹ̀, kì í ṣe èyí tó kúná bí àtíkè. Tó bá ti jọ pọ̀ dáadáa ó máa ń dùn ún rẹ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin, kì í já bọ́ bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀. Ibi tí ojú á ti wá là ni lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rẹ́ ẹ tán. Ẹ ò lè rẹ́ ẹ kẹ́ ẹ máa lọ ilé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi àpò jútù tútù bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i, oòrùn ò gbọ́dọ̀ pa á, atẹ́gùn ò gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́ lójijì, níbi tí òtútù ti ń mú tó bá ti wálẹ̀ ju 5 digíríìsì Celsius lọ ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Láìmù ń gba kábọ́nì díókísáìdì látinú afẹ́fẹ́ kó tó lè padà di òkúta, èyí tó jáde lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sun ún ló ń gbà padà díẹ̀díẹ̀, kò dẹ̀ sí béèyàn ṣe lè lé e léré. Máàkì kan tí mo yọ, ibí yìí ló bá lọ. Kọńtírátọ̀ tó ti gba owó iṣẹ́ lórí iye ọjọ́ kan pàtó á máa wò yín lójú láràárọ̀, tí ẹ bá yí ẹ̀yìn báyìí á bu sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i kó lè tètè gan. Mo ti bá a níbi iṣẹ́ rí, àpò sìmẹ́ǹtì nílẹ̀, wọ́n ní ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni.

Àǹfààní tó wá wà nínú sùúrù yẹn ni pé láìmù máa ń tún ara ẹ̀ ṣe. Tó bá sán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, òjò á yọ́ díẹ̀ lára ẹ̀, á gbé e lọ síbi tó sán, á dì síbẹ̀. Ìyẹn ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á o. Àpò tí wọ́n kọ hydrated lime sí kì í ṣe NHL, ìyẹn ò lè dá gan níbi tí omi wà. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n ti po gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á kọ lime síwájú gàdàgbà, sìmẹ́ǹtì á wà nínú lẹ́tà tíntìntín tó wà lẹ́yìn. Ẹ wá EN 459-1, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún láìmù, lára àpò, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó rà á rárá, ẹ bu díẹ̀ lára èyí tó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àwọn tó máa fi ásíìdì yọ láìmù inú ẹ̀ kúrò, yanrìn tó bá ṣẹ́kù á sọ irú yanrìn tẹ́ ẹ máa wá, torí yanrìn ló ń fún un láwọ̀, tí àwọ̀ ò bá bára mu gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi máa ń bá mi jà ni ti Warsaw, olú ìlú Poland. Wọ́n á ní ṣebí àwọn Jámánì run ìlú àtijọ́ ibẹ̀ lọ́dún 1944, wọ́n tún un kọ́ látilẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń wo àwòrán tí Bellotto yà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún kọ́ ọ, UNESCO dẹ̀ gbà á wọlé sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 1980, ṣé kì í ṣe bó ṣe rí lójú ló ṣe pàtàkì, kí la wá ń fi láìmù da ara wa láàmú sí? Ogun ló wó ti Warsaw, wọn ò ní ògiri tó dúró tí wọ́n lè máa bá fara balẹ̀. Tiyín wà níbẹ̀, àfọwọ́fà ni tẹ́ ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì pa á.

Ẹ má dẹ̀ wá fi ọ̀dà olọ́rá kùn ún tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, owó yín ló wọgbó yẹn, ọ̀dà yẹn á tún dí i bíi ti sìmẹ́ǹtì. Omi láìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi kùn ún léraléra, tàbí ọ̀dà silicate, èyí tí Adolf Wilhelm Keim gba ìwé àṣẹ lé lórí lọ́dún 1878, ìyẹn ò ní dí i. Ilé búlọ́ọ̀kù tuntun ò nílò NHL o, ẹ fowó yín pamọ́. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ń pò ó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ gíláàsì, láìmù ń jó ara, tó bá ta sí yín lójú ẹ máa da omi tó mọ́ sí i láìdúró bẹ́ ẹ ṣe ń lọ ọsibítù.