Bréésì ọmọ mi lórí NHS, àti bí wọ́n ṣe dí èjí rẹ̀ láì bi wá

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tú bréésì, wáyà tí wọ́n fi ń to eyín, kúrò lẹ́nu ọmọ mi obìnrin, London níbí, ọmọ ọdún 15 ni, ọdún méjì àti oṣù mẹ́wàá gbáko la fi ń lọ tá a fi ń bọ̀, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn ìyá tá a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ò yéé bi mí, ṣé wọ́n ń gbowó, ṣé ó máa ń dun ọmọ, ṣé ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. A ò san kọ́bọ̀, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ló san án. Ó dùn ún, àmọ́ kò tó bí mo ṣe rò. Tó bá kan àbúrò rẹ̀ mo máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ṣe fún wa láàárín kan tó bí mi nínú débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, mo máa débẹ̀.

Eyín òkè rẹ̀ ló yọ síta, eyín gan-n-gan la máa ń pè é nílé, tó bá sùn ètè rẹ̀ kì í pa dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan ló ń kó mi lọ́kàn sókè, tí ọmọ tó ní irú eyín bẹ́ẹ̀ bá ṣubú eyín yẹn ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ọ̀kan sì ti kán díẹ̀ létí nígbà tó wà ní Year 4. Dẹ́ńtíìsì tá a máa ń lọ rí ló kọ lẹ́tà fún wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eyín, oṣù mẹ́sàn-án la fi retí kí wọ́n tó pè wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí NHS kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ, wọ́n ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní IOTN, òun ni wọ́n fi ń mọ bí eyín ọmọ ṣe nílò títò tó, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, ọmọ tó bá wà ní 4 tàbí 5 á rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó wà ní 3 di ìgbà tí wọ́n bá wo bó ṣe hàn lójú tó, 1 àti 2 ẹ máa fowó yín ṣe é ni. Ọmọ ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ tíì pé 18. Rúlà kékeré kan ni dókítà fi wọn ti wa, ó ní kó pa eyín dé, ó wo bí ti òkè ṣe jìnnà sí ti ìsàlẹ̀ tó, ó ní mílímítà 8. Tó bá ti ju 6 lọ tí kò ju 9, 4 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọlé. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá pé 17 kẹ́ ẹ tó lọ bá dẹ́ńtíìsì.

Wọn ò tíì fi wáyà sí i o. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni Twin Block, pílásítíìkì méjì, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, tó bá ti pa ẹnu dé àfi kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ wá síwájú. Dókítà ará Scotland kan, William Clark, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1977 fún ọmọ kan tó ṣubú tí eyín iwájú rẹ̀ fi yọ, ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo gbà pé ibi tó yẹ la wá, torí ohun tí èmi náà ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Tọ̀sán-tòru ló ń wọ̀ ọ́, tó bá ń jẹun pàápàá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde dáadáa, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sí ẹni tó máa ka Bíbélì lọ́jọ́ Sunday, ó ní mọ́mì, èmi ò kà á mọ́, ó ń sunkún. Mo ní kó máa kà á fún mi ní kíṣìnì lálaalẹ́ bí mo ṣe ń gé ẹ̀fọ́, Sáàmù 23, "olùṣọ́-àgùntàn" yẹn ló ń dà á láàmú jù, ó máa sọ ọ́ tán á nu ẹnu á tún un sọ. Lọ́jọ́ Sunday kò mọ́ tónítóní o, ṣùgbọ́n ó kà á tán. Ìdí tó fi jẹ́ ọmọ ọdún 12, 13 báyìí ni wọ́n máa ń fi í sí lẹ́nu ni pé egungun wọn ṣì ń dàgbà. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, mílímítà 8 yẹn ti di 3.

Ìgbà yẹn ni wáyà gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi gúlù lẹ irin wínníwínní mọ́ eyín kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi iná búlúù kan mú un gbẹ, wọ́n wá fi wáyà tín-ín-rín kan so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wáyà àkọ́kọ́ yẹn, nickel àti titanium ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é, bó ti wù kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tó ó máa fẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni, bó ṣe ń padà ló ń fa eyín dání. Ibi tó bá ń ti eyín sí, egungun ibẹ̀ á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ibi tí eyín ti kúrò, egungun tuntun á hù dí i, gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílímítà kan lóṣù. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé kánjú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la máa ń padà lọ.

Tí wọ́n bá ti fún wáyà náà le tán, ọjọ́ mẹ́ta ni eyín á fi máa ro ó, paracetamol àti oúnjẹ tó rọ̀, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà, bó ṣe ń kọjá nìyẹn. Kókóró, guguru, egungun adìẹ, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni irin rẹ̀ já, kókóró tí àǹtí rẹ̀ kó bọ̀ láti Nàìjíríà ló fa méjèèjì. Àwọn rọ́bà róbótó tó ń di wáyà mú, ẹ má mú èyí tí ò ní àwọ̀, curry inú jọ̀lọ́ọ̀fù sọ ọ́ di yẹ́lò láàárín ọjọ́ méjì. Ó mú gíríìn àti funfun nígbà tí October 1 ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn sí i gan-an.

Ọ̀rọ̀ èjí wá ni. Ọmọ mi ní èjí láàárín eyín méjì òkè, ti màmá mi gẹ́lẹ́ ni, bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu màmá fi sí ti ọmọ. Dókítà àkọ́kọ́, obìnrin òyìnbó kan tó ní sùúrù, ló sọ fún wa pé bréésì máa dí i, ó rò pé inú wa máa dùn ni. Ọmọ mi ló dá a lóhùn, kì í ṣe èmi, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n dí i, ti gíránmà òun ni, ẹwà sì ni lọ́dọ̀ tiwa. Ó ya obìnrin yẹn lẹ́nu, àmọ́ ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà níṣojú wa, ó ní mílímítà 2 lòun á fi sílẹ̀, ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ títí tó fi kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò ka nǹkan kan. Ó fi rọ́bà kan tó dà bíi ṣéènì so eyín iwájú pọ̀, ọmọ rò pé ara ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni, bàbá rẹ̀ tó mú un lọ lọ́jọ́ yẹn sì jókòó síta. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, a ń pe màmá mi lórí WhatsApp, màmá sún mọ́ fóònù, ó ní, "Èjí mi dà?" Ọmọ lọ wo dígí. Ó padà wá jókòó, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó gbé fóònù ní eyín ọmọ mi ti gún báyìí, kí ni mo tún ń ṣàròyé sí. Ìyẹn ló dùn mí ju àṣìṣe yẹn gan-an lọ. Mo kọ lẹ́tà, mo ní kí wọ́n ṣí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá a níbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ọ̀gá wọn pè wá, ọmọ ló dojú kọ, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà, ó ní àwọn lè fi sípíríìnì kékeré kan sáàárín eyín méjèèjì kó tì wọ́n kúrò lára wọn, àmọ́ á fi oṣù mẹ́ta kún un, kó lọ rò ó. Kò rò ó rárá, ó ní kí wọ́n ṣe é. Èjí ti padà báyìí, ẹni tí ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè mọ̀ pé ó kúrò níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ní èjí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ọmọ wọlé, nígbà kígbà tẹ́ ẹ bá sì rí dókítà tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe lónìí, kí ọmọ tó la ẹnu.

Fífọ ẹnu, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, àárọ̀ àti alẹ́ àti lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó ń wọ abẹ́ wáyà. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ò ṣe é, Fanta ni lójoojúmọ́, nígbà tí wọ́n tú tiẹ̀, àmì funfun yí ibi tí irin wà ká, kò sì lọ mọ́.

Retainer ló kù báyìí, pílásítíìkì tó mọ́ gaara tó ń wọ̀ sùn, torí eyín máa ń fẹ́ padà síbi tó ti wá, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá pé ó máa tán. Oṣù méjìlá ni NHS á fi bá wa mójú tó o, lẹ́yìn ìyẹn owó wa ni. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á ká a kò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi tissue wé e tó bá ń jẹun níta, inú bíìnì ló máa ń bá lọ. Ti ọmọ mi, ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí ibì kan tó yọ kékeré láàárín, ibẹ̀ ló ń wọ inú èjí lọ kó má bàa tún dí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Torí èsì tí wọ́n fún mi lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe yọ ọ̀kan.