EB Garamond Italic: fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tí mo fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) wo ni mo fi kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sórí káàdì, EB Garamond Italic ni o (lẹ́tà tó dagun ni wọ́n ń pè ní italic), ọ̀fẹ́ ni, orí Google Fonts ló wà, kódà tẹ́ ẹ bá fi ṣiṣẹ́ owó, kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í ṣe lẹ́tà tó dúró tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo «a» ẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi gègé kọ ọ́ ni, «f» ẹ̀ sì gùn wọ ìsàlẹ̀ ìlà. Àmì «&» ẹ̀ ńkọ́! E àti t («et», ìyẹn «àti» lédè Látìn) hàn nínú ẹ̀ kedere, èmi máa ń fẹ̀ ẹ́ gan-an sáàárín orúkọ méjèèjì, àwọn oníbàárà á rò pé ọwọ́ ni mo fi yà á, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Georg Duffner, ọmọ Austria, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, inú ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní Frankfurt ní 1592 ló ti wò ó. Lẹ́tà tó dúró níbẹ̀, ti Claude Garamont ni, agbẹ́lẹ́tà ará Faransé tí wọ́n fi sọ fọ́ǹtì náà lórúkọ, àmọ́ Robert Granjon, agbẹ́lẹ́tà míì, ló gbẹ́ italic, Garamont ló wá ń gba gbogbo ògo. Garamond tó ń bá Microsoft Office wá tún yàtọ̀, iṣẹ́ agbẹ́lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Jean Jannon ni wọ́n wò ṣe é, Garamont ti kú tipẹ́ kí Jannon tó gbẹ́ ẹ, ọdún 1926 ni Beatrice Warde, tó ń ṣèwádìí ìtàn lẹ́tà, tó tú àṣírí yẹn. Ẹ gbé méjèèjì síra, ẹ máa rí i pé bí lẹ́tà ti Office ṣe ń dagun ò dọ́gba. Mi ò kí ń lò ó.

Tó bá dọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ àti ọ wà níbẹ̀ torí ó gba èdè Vietnam náà, nínú prógíráàmù tí mo ń lò, àmì ohùn ń jókòó dáadáa lórí wọn. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín o! Tí mo bá fẹ́ kọ oríkì sínú ìwé ètò ìsìnkú, mi ò kí ń lo ìwọ̀n lẹ́tà tó kéré ju 12 lọ, tí lẹ́tà bá funfun lórí dúdú, Medium, èyí tó nípọn díẹ̀, ni mo máa ń mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yíǹkì á gbé e mì. Fláyà WhatsApp? Ẹ má dán an wò, bí òwú ló máa rí lójú fóònù.

Ẹ má sì fi kún ojú ìwé. Lóòótọ́, ní Venice ní 1501, Aldus Manutius, òǹtẹ̀wé kan, fi italic tẹ odidi ìwé Virgil, akéwì Róòmù àtijọ́, ìwé kékeré tó ṣeé mú lọ́wọ́ ló ń ṣe, àmọ́ ojú tiwa ò gbà á mọ́, ìlà mẹ́ta mẹ́rin ti tó. Lẹ́tà ńlá nìkan láti A dé Z náà ò dáa, gbogbo ẹ̀ á kàn máa wọ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ tẹ̀, PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ rí i pé fọ́ǹtì wà nínú ẹ̀, torí tí kọ̀ǹpútà onítẹ̀wé ò bá ní i, fọ́ǹtì míì ló máa gbé síbẹ̀, kò sì ní sọ fún yín.