Servo trim tó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi wáyà funfun méjì tí kò ní àmì

Servo trim ni mọ́tò kékeré tó ń yí tab, ìyẹ́ kékeré tó wà létí elevator (ìyẹ́ ìrù tó ń mú imú bàálù gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀). Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tó yẹ kó mú imú bàálù wálẹ̀. Àmì iwájú awakọ̀, tó ń fi ibi tí tab wà hàn, náà sọ̀ kalẹ̀. Mo wẹ̀yìn wo ìrù: tab náà ń sọ̀ kalẹ̀! Tab tó bá sọ̀ kalẹ̀, elevator ló ń tì sókè, imú bàálù á sì gbéra sókè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé orí ilẹ̀ la wà.

RV-6A ni bàálù náà, irú èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná tí wọ́n sọ ní Air Beetle. Inú elevator apá òsì ni servo wà. Wáyà márùn-ún ló ní, tín-ín-rín bí òwú. Funfun méjì ló ń gbé iná fún mọ́tò; aláwọ̀ ọsàn, búlúù àti aláwọ̀ ewé jẹ́ ti àmì. Funfun méjèèjì kò sì yàtọ̀ síra rárá. Bí wọ́n bá ṣì wọ́n mú, mọ́tò á yí sódì. Bí wọ́n bá tún ṣi ọsàn àti búlúù mú, àmì náà á sódì, àṣìṣe kan á wá bo èkejì mọ́lẹ̀.

Mo pe àwọn tó ta servo náà. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé fóònù ní, "Bí àmì bá ti bá bọ́tìnnì mu, kò séwu." Mo ṣàlàyé, ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Irú ìdáhùn yìí lè pààyàn.

Nígbà tí wọ́n fún àgbàlagbà kan ní yàrá àtúnṣe ní fóònù ni ara tù mí. "Ẹ gbàgbé àmì, tab gan-an ni kẹ́ ẹ máa wò." Ó ní kí n pààrọ̀ funfun méjèèjì síra wọn, kí n ṣe ọsàn àti búlúù bẹ́ẹ̀, kí n má fọwọ́ kan aláwọ̀ ewé. Ó parí. Òun náà ló béèrè fíúsì: amp 1, níbi tí ọwọ́ awakọ̀ á tó, torí bí relay (ohun tó ń tan iná mọ́tò tó sì ń pa á) bá há, mọ́tò á máa sáré lọ títí dé òpin ni. Ó ní kí n fi rọ́bà sí ihò tí wáyà gbà kọjá lára páànù, kí n dẹ wáyà díẹ̀ níbi ìdè elevator kó má baà já, kí n sì fún nọ́ọ̀tì ẹnu ọ̀pá tab dáadáa.

Servo fúnra rẹ̀ dára. Ibi téèyàn bá fi tab sí ló ń dúró. Atẹ́gùn ò lè tì í padà.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti fi rọ́bà pupa bọ ọ̀kan nínú funfun méjèèjì.