Ẹ má ra fítámì lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé páálí kiri ní Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín, ẹ ka èyí kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà. Láti ìgbà tí tọmọdé tàgbà ti ń wá fítámì kiri, àwọn oníjìbìtì ti rí ibi jẹun.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń dúró sí etí ọ̀nà ní Ìdúmọ̀tà, tó máa ń pe àwọn obìnrin: "Ẹrù Lọ́ńdọ̀nù ni o, àǹtí, ẹ wò ó!" Ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù ló máa ń pè é. Àbúrò ìyàwó mi tó lóyún ló ra ike fítámì kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo yí ìdí ike náà sókè. Ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ tí kò ní dára lò mọ́ sí ń dán ju ibi yòókù lọ, ó sì ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ̀sì kúrò ní èékánná. 2027 ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Mo wá tú etí páálí rẹ̀: 2023 ṣì wà níbẹ̀ gbangba! Àwọn hóró òróró ẹja inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn gbàgì. A padà lọ bá a, ó ní òun ò mọ̀ wá rí.

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ nìyí o. Aláboyún nílò fólíìkì ásíìdì (oríṣi fítámì B kan) gidi, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè dára. Fítámì tó ti pẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀ lè má lágbára mọ́. Fítámì A tó bá sì pọ̀ jù lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ike tí wọ́n ti pa ọjọ́ rẹ̀ rẹ́?

Oṣù kejì 2025 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba. Wọ́n ti ṣí i padà, àwọn tó ń gbé páálí kiri ò sì tíì kásẹ̀ ńlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó ní apòògùn ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀, kí ẹ fi fóònù yín wá a nínú Greenbook wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí wà. Ọjọ́ ara ike àti ti páálí gbọ́dọ̀ bára mu.

Ẹni tí owó ò sì tó lọ́wọ́ rẹ̀, kó má fi ara rẹ̀ wéwu. Epo pupa wa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, ìjọba sì ti ní kí wọ́n máa fi fítámì A sínú ṣúgà. Ẹ wo àmì ojú lára ọ̀rá ṣúgà náà.

Tí ẹ bá ti ra irú fítámì bẹ́ẹ̀, ẹ má lò ó, ẹ má sì dà á nù. Ẹ gbé ike àti páálí rẹ̀ lọ bá NAFDAC.