Páálí Ìbéèrè Kérésì tí A Fi Ṣeré Nílé Màmá Àgbà

Ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta ni mo ti ra páálí náà, ₦6,000, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún. Ọgọ́rùn-ún káàdì ló wà nínú rẹ̀: 60 jẹ́ ìbéèrè, 40 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n da lẹ́tà rẹ̀ rú. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la pé jọ sílé Màmá àgbà ní Ìtòkò lọ́jọ́ Kérésì. A jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà tán, iná lọ, a tan láńtà, a pín ara wa sí ẹgbẹ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà rú ló dùn mọ́ mi jù. Káàdì kan gbé LISTEN kalẹ̀, ó ní ká fi lẹ́tà rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ Kérésì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, pariwo SILENT, bíi ti orin "Silent Night", kí iyanrìn inú ìgò tí a fi ń ka àkókò tó dé ìdajì. Àbúrò rẹ̀ ní òun rí òmíràn: TINSEL, rìbọ́n dídán tí à ń so mọ́ igi Kérésì. SILENT nìkan ló wà lẹ́yìn káàdì, ṣùgbọ́n a fún àwọn méjèèjì ní máàkì. Inú mi dùn gan-an.

Nínú ìbéèrè, èyí tí mi ò ní gbàgbé ni: amòye mélòó ló wá kí Jésù? Gbogbo wa pa ẹnu pọ̀, mẹ́ta. Màmá ní, "Ta ló sọ fún yín?" Wọ́n ní ká ṣí Mátíù orí kejì. Ẹ̀bùn mẹ́ta la bá níbẹ̀, wúrà, tùràrí àti òjíá. Bíbélì kò ka àwọn amòye fún wa. Ẹ̀yìn káàdì sì gbè sẹ́yìn Màmá! Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn.

Àmọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Mo kà á: 9 péré nínú 60. Òjò dídì àti àgbọ̀nrín tó ń fa ọkọ̀ Bàbá Kérésì ló gba ìyókù. Ó dára kí ọmọ mọ̀ pé bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ni Nicholas tí ìtàn Bàbá Kérésì ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n tí ìbéèrè òtútù bá tẹ̀ léra bíi márùn-ún, Màmá á kàn máa wò wá lẹ́nu ni. Ó dùn mí.

La bá gé páálí bisikíìtì, a kọ tiwa sí i. Nínú Townsend àti Freeman, àwọn ajíhìnrere ayé àtijọ́, ta ló kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta? Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sọ̀yà pé Townsend ni. Rárá o: ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 1843 ni Townsend dé, Freeman ti wá rí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, ní oṣù Kejìlá 1842. Ìgbà tó kan Màmá, wọn ò mú káàdì kankan. Wọ́n ní, "Àlọ́ o!" A ní, "Àlọ̀!" "Awẹ́ obì kan, à jẹ d'Ọ́yọ̀ọ́." Iyanrìn tán, àwọn ọmọ ṣì ń wo ara wọn. Ahọ́n ni.

Káàdì náà fẹ́lẹ́ jù, etí wọn ti ká lálẹ́ ọjọ́ kan. Síbẹ̀, tí ọmọdé bá pọ̀ nílé yín, ẹ rà á, ẹ wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ fún àgbà, kí ẹ sì ní bírò àti páálí òfo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tiwa ti di 22, Màmá sì ti ní ká fi àyè sílẹ̀ fún tòun tó bá di Àjíǹde.