Bẹ́ ẹ bá máa ra àpótí tó ń ka muon, méjì ni kẹ́ ẹ rà

Muon ni èérún tíntìntín tí ojú ò lè rí, tó ń rọ̀ lé wa lórí láti òfuurufú. Ẹyọ àpótí kan ni mo kọ́kọ́ rà, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Àpótí náà kò ju páálí ṣúgà lọ. Ike pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìbú, 5 ní òòró. Bí muon bá gba inú ike yẹn kọjá, á kọ mànà wìrì, ẹ̀yà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á rí ìmọ́lẹ̀ náà, iye ojú ẹ̀rọ á sì fi ọ̀kan lé sí i. Àwọn ará yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé àpẹẹrẹ irú rẹ̀ síta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Nǹkan bíi kìlómítà 15 lókè orí wa ni ọ̀pọ̀ muon ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìtànṣán láti gbalasa òfuurufú ti ń kọlu afẹ́fẹ́. Tó bá fi máa dé ilẹ̀, nǹkan bí ọ̀kan ló ń bọ́ sórí ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ike tèmi ìbá máa ka bíi 25. Ó ń ka ju 100 lọ! Mo ti fẹ́ máa yangàn kiri London.

Àfi ìgbà tí mo gbé e kúrò lójú fèrèsé tí iye já wálẹ̀ sí 40. Téèpù dúdú tí wọ́n fi wé ike náà ti ṣí nígun kan, ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, kò fọhùn. Mo bá fọwọ́ ara mi tún un wé.

Kí ilẹ̀ lè bá mi dí ọ̀pọ̀ muon lọ́nà, mo gbé e lọ sí Hampstead, ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó jìn jù lọ ní London, mítà 58.5. Ó ṣì ń ka 20 lé díẹ̀. Ṣé muon náà nìyẹn? Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ìtànṣán tó ń jáde lára ògiri àti ilẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń kà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò sì lè mọ ìyàtọ̀.

Ni mo bá ra ìkejì, mo tò wọ́n léra, mo sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ kó lè jẹ́ pé ohun tó bá gba inú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà nìkan ni wọ́n á kà: muon ń la méjèèjì kọjá, ìtànṣán ara ògiri kì í sábàá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní, “Bàbá ọmọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọlọ́pàá mú yín o.” Lóòótọ́, nígbà tí mo padà sí Hampstead, òṣìṣẹ́ kan wá bi mí ohun tí mo gbé sórí ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé, ó dúró tì mí, a jọ tẹjú mọ́ ọn. Reluwé mẹ́ta kọjá kí ẹyọ kan tó wọlé.

Ìdajì wákàtí nínú ọgbà wa: 402. Ìdajì wákàtí ní Hampstead: 9. Tí mo bá tún padà lọ, ó lè jẹ́ 6, ó lè jẹ́ 12, torí iye tó kéré báyìí kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá ń wá iye tó ṣeé gbára lé, kó gbé oúnjẹ dání.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọ̀kan tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó wé téèpù.