Àwọn oníṣẹ́ iná tó ń so fáànù òkè ní Tanke, Ìlọrin

Wọ́n mọ fáànù tuntun so dáadáa. Àtúnṣe ni kí ẹ ti lajú sílẹ̀. Fáànù tó ń kùn tí kò yí, àmọ́ tó yí nígbà tí ẹ fi igi tì í, kàpásítọ̀ rẹ̀ (ohun kékeré tó ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí) ló sábà máa ń kú, oníwọ̀n 2.5 µF ni ọ̀pọ̀ fáànù 56 íǹṣì ń lò. Àwọn kan nínú wọn á ní kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sínú fáànù) ló jó (owó ńlá nìyẹn!). Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ kàpásítọ̀. Tí fáànù bá ń lọ̀ gìrìgìrì bí ọlọ, bíárìn (òrùka irin tó ń jẹ́ kó yí geere) ló bàjẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo píìnì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí bóòtì yọ) ìdí bóòtì òkè: ẹnu rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. POP (síìlì alámọ̀ funfun) kò lè gbé fáànù. Igi òrùlé tàbí dẹ́kìn (òkè oníkọnkéré) ni kí ìkọ́ fáànù dì mú.